Ilé là ń wò kí a tó sọ fáìlì lórúkọ: bí ètò Python ṣe lè dá irú àkóónú fáìlì mọ̀

Ní Kétu níbí, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, èmi àti ọ̀rẹ́ mi méjì ń kó fọ́tò, fídíò àti ohùn orin Gẹ̀lẹ̀dẹ́ jọ láti ọwọ́ àwọn ẹbí, kí wọ́n má baà bá fóònù tó bàjẹ́ lọ. UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní 2001, wọ́n sì kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ àjogúnbá wọn ní 2008, ṣùgbọ́n UNESCO kọ́ ni yóò bá wa tọ́jú ohun tó wà nínú fláàṣì bàbá ẹni. Ẹlòmíràn gbé ẹrù tirẹ̀ wá sílé, ẹlòmíràn fi WhatsApp ránṣẹ́ láti Àjàṣẹ́ tàbí Ṣábẹ, ẹlòmíràn ní kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ tí ọmọ rẹ̀ ti bá a dà sínú kọ̀ǹpútà ní Kútọnu.

Nígbà tí ẹrù pọ̀, mo kọ ètò kékeré kan láti pín wọn. Ohun tó bá parí sí .jpg ń lọ sí fódà fọ́tò, .mp3 ń lọ sí ti orin. Mo tún ní kí ètò náà ṣí fọ́tò kọ̀ọ̀kan kó gé e kéré, kó sì pa èyí tí kò bá ṣí rẹ́, torí mo gbà pé ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Bí mo ṣe fi ọwọ́ ara mi pa ogójì ìṣẹ́jú orin Ẹ̀fẹ̀ rẹ́ nìyí. Ọmọ bàbá tó kọ orin náà fẹ́ kí fọ́tò bàbá àti ohùn bàbá máa jẹ́ orúkọ kan náà, ló bá sọ méjèèjì ní baba_efe.jpg, ó kó wọn sí fódà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ohùn náà ṣì wà lórí fóònù rẹ̀.

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ètò mi kò wo ilé rárá, orúkọ ló wò. Ọ̀nà tí mo ń gbà wo ilé báyìí ni mo fẹ́ tò sílẹ̀. Python, èdè kan tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ni mo fi ń ṣe é, torí òun ló yé mi jù.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ mọ ẹni tó ń jẹ́rìí

Ẹlẹ́rìí mẹ́ta ló lè sọ irú ohun tí fáìlì jẹ́. Èkíní ni ìrù orúkọ rẹ̀, ìyẹn .jpg, .pdf, .docx. Èkejì ni ohun tí olùránṣẹ́ sọ nípa rẹ̀ nínú Content-Type, bí ó bá gba orí íntánẹ́ẹ̀tì wá. Ẹ̀kẹta ni àwọn báìtì inú fáìlì fúnra wọn, ìyẹn àwọn nọ́ńbà kéékèèké tí kọ̀ǹpútà fi ń kọ gbogbo fáìlì, tí a sábà ń kọ ní àmì méjì-méjì, bíi FF tàbí 4F.

Orúkọ tí a ń pe irú kọ̀ọ̀kan ní apá méjì: image/jpeg, audio/ogg, application/pdf. Nathaniel Borenstein àti Ned Freed ló gbé e kalẹ̀ ní 1992, lábẹ́ orúkọ MIME, kí lẹ́tà orí íntánẹ́ẹ̀tì lè gbé fọ́tò àti ohùn, kó má jẹ́ ọ̀rọ̀ lásán mọ́. Wẹ́ẹ̀bù yá a lò, IANA, àjọ tó ń bójú tó orúkọ àti nọ́ńbà orí íntánẹ́ẹ̀tì, ló sì ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn orúkọ náà lónìí.

Python ní mọ́dù kan tó ń jẹ́ mimetypes, òun sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ ń bá pàdé:

```
>>> import mimetypes
>>> mimetypes.guess_type("baba_efe.jpg")
('image/jpeg', None)
```

Kò ṣí fáìlì kankan kó tó dáhùn. Ẹ fún un ní orúkọ fáìlì tí kò sí láyé, yóò ṣì dá yín lóhùn láìṣiyèméjì. Kì í ṣe pé mọ́dù náà burú. Orúkọ nìkan la ní kó wò. Ẹlẹ́rìí kejì kò sì sàn jù ú lọ, torí inú ìrù orúkọ ni bráwúsà sábà máa ń ti yọ Content-Type tó ń fi ránṣẹ́. Ẹlẹ́rìí kan náà ló lọ pààrọ̀ agbádá. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo PHP, ọ̀rọ̀ yìí kan 'type' tó wà nínú $_FILES pẹ̀lú: ẹnu olùránṣẹ́ ló ti wá.

Nínú Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ọkùnrin ló ń jó lábẹ́ ère obìnrin. Gbogbo wa mọ̀ bẹ́ẹ̀, òun náà ló sì ń dùn mọ́ wa. Kọ̀ǹpútà kò mọ eré. Bí a bá ní kó wo aṣọ, aṣọ ni yóò wò.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ fi ojú ara yín wo orí fáìlì

Kí ẹ tó kọ kóòdù kankan, ẹ fi xxd, ètò kékeré tó ń tẹ báìtì fáìlì síta, wo báìtì mẹ́rìndínlógún àkọ́kọ́. Lórí Linux àti Mac, bó ṣe rí nìyí:

```
$ xxd -l 16 baba_efe.jpg
00000000: 4f67 6753 0002 0000 0000 0000 0000 9d1e  OggS............
```

OggS. Èyí kì í ṣe fọ́tò. Àpótí ohùn Ogg ni, irú èyí tí WhatsApp ń kó ohùn tí a gbà sílẹ̀ sí. Bí a bá ka báìtì méjìdínlọ́gbọ̀n láti ìbẹ̀rẹ̀, a ó rí OpusHead níbẹ̀, ìyẹn sì jẹ́rìí pé Opus ni wọ́n fi fún ohùn náà pọ̀.

Mo ń pe àmì orí fáìlì yìí ní ilà, torí ó jọ ilà ojú láyé àtijọ́: kí ènìyàn tó la ẹnu, ẹ ti mọ ibi tó ti wá. Ilà JPEG ni FF D8 FF. Ti PDF ni %PDF-. GIF ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú GIF87a tàbí GIF89a. Zip ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú PK, lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ Phil Katz tó dá a sílẹ̀. Ètò Windows ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú MZ, ti Mark Zbikowski. Àwọn ọkùnrin wọ̀nyí fi orúkọ ara wọn kọ ilà fún ọmọ, kò sì sí ẹni tó lè pa á rẹ́ mọ́.

Ti PNG ni mo fẹ́ràn jù, torí ẹni tó ṣe é ronú jinlẹ̀. Báìtì mẹ́jọ ni: 89 50 4E 47 0D 0A 1A 0A. Bíìtì mẹ́jọ, 0 tàbí 1 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, ló ń ṣe báìtì kan. 89 ga ju ohun tí bíìtì méje lè gbé lọ, nítorí náà bí fáìlì bá gba ọ̀nà tó ń gé bíìtì kẹjọ dànù kọjá, ilà náà á bàjẹ́, ẹ ó sì mọ̀ kíá. 0D 0A wà níbẹ̀ láti tú àṣírí ètò tó ń yí òpin ìlà ọ̀rọ̀ padà, 0A ìkẹyìn náà wà fún irú ẹ̀ṣẹ̀ yẹn láti apá kejì. 1A ń dá DOS, ètò kọ̀ǹpútà ayé àtijọ́, dúró kó má tú pàǹtí sójú kọ̀ǹpútà. Fáìlì tó bá ti ṣèṣe lójú ọ̀nà á sọ ọ́ fúnra rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ kọ tábìlì ilà tiyín

Mo mọ̀ pé láíbìrì, kóòdù tí ẹlòmíràn ti kọ sílẹ̀ fún wa, wà tó lè bá wa ṣe é, a ó sì dé ibẹ̀. Ẹ ṣì kọ́kọ́ kọ èyí lọ́wọ́, kí ẹ lè mọ ibi tí láíbìrì lè ti kọsẹ̀.

```python
ILA = [
    (b"\xff\xd8\xff", "image/jpeg"),
    (b"\x89PNG\r\n\x1a\n", "image/png"),
    (b"GIF87a", "image/gif"),
    (b"GIF89a", "image/gif"),
    (b"%PDF-", "application/pdf"),
    (b"OggS", "audio/ogg"),
    (b"ID3", "audio/mpeg"),
    (b"\xff\xfb", "audio/mpeg"),
    (b"\xff\xf3", "audio/mpeg"),
    (b"PK\x03\x04", "application/zip"),
]

def wo_ori(ona):
    with open(ona, "rb") as f:
        ori = f.read(2048)
    for ila, iru in ILA:
        if ori.startswith(ila):
            return iru
    if ori[:4] == b"RIFF":
        if ori[8:12] == b"WAVE":
            return "audio/wav"
        if ori[8:12] == b"WEBP":
            return "image/webp"
    if ori[4:8] == b"ftyp":
        return wo_ftyp(ori[8:12])
    return "application/octet-stream"
```

"rb" inú open ṣe pàtàkì. Ẹni tó bá gbàgbé b ti ní kí Python ka fáìlì bí ọ̀rọ̀, fọ́tò àkọ́kọ́ tó bá bá pàdé ni yóò sì mú un ṣubú.

MP3 ti fìyà jẹ mí. Àwọn ìwé àlàyé ní bíìtì mọ́kànlá àkọ́kọ́ rẹ̀ máa ń jẹ́ 1, mo sì ní kí ètò mi máa wá ìyẹn nìkan. Lọ́jọ́ kan ó kó àkọsílẹ̀ orúkọ àwọn oníjó sínú fódà orin. Notepad ló fi fáìlì ọ̀rọ̀ náà pamọ́ ní UTF-16, ọ̀kan nínú ọ̀nà tí a ń gbà fi báìtì kọ lẹ́tà, FF FE ni irú bẹ́ẹ̀ sì fi ń bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá ka bíìtì FF FE dáadáa, mọ́kànlá àkọ́kọ́ jẹ́ 1 lóòótọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ FF FB àti FF F3 jáde ní kíkún nínú tábìlì òkè yìí.

Ìlà ìkẹyìn náà ni kí ẹ má fi ṣeré. application/octet-stream túmọ̀ sí pé báìtì ni, a kò mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdáhùn gidi ni. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tì yín láti fi àbá rọ́pò rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 4: Àwọn tó kọ ilà kan náà

Ibí ni iṣẹ́ wà. Ẹ rí wo_ftyp tí mo pè nínú kóòdù yẹn? MP4, 3GP, M4A, fídíò QuickTime àti fọ́tò HEIC, ọmọ ìyá ni gbogbo wọn. Báìtì mẹ́rin àkọ́kọ́ ń sọ bí àpótí ṣe tóbi tó, ftyp tẹ̀lé e, báìtì mẹ́rin tó kàn ló wá ń sọ ẹ̀ka ẹbí tí fáìlì ti wá. Ẹ ka mẹ́rin yẹn:

```python
def wo_ftyp(eka):
    if eka in (b"heic", b"heix"):
        return "image/heic"
    if eka.startswith(b"3gp"):
        return "video/3gpp"
    if eka == b"M4A ":
        return "audio/mp4"
    if eka == b"qt  ":
        return "video/quicktime"
    if eka in (b"isom", b"mp41", b"mp42"):
        return "video/mp4"
    return "application/octet-stream"
```

HEIC ń yọ wá lẹ́nu gan-an. Láti 2017 ni iPhone ti ń fi ya fọ́tò, àwọn ará wa tó wà ní Paris sì ń fi ránṣẹ́ sílé. Kọ̀ǹpútà ilé kò ní lè ṣí i, ẹnìkan á yí .HEIC padà sí .jpg, á ní òun ti tún un ṣe. Pillow, láíbìrì fọ́tò ti Python, kò lè ṣí i bí ẹ kò bá fi pillow-heif kún un. Ètò mi ìgbà yẹn ìbá ti pa gbogbo wọn rẹ́.

Ẹbí kejì ni ti zip. DOCX, XLSX, PPTX, ODT, EPUB àti ètò Android, zip ni wọ́n lábẹ́ aṣọ. Bí tábìlì bá dáhùn pé application/zip, ẹ má dúró síbẹ̀, ẹ wọ inú ilé:

```python
import zipfile

def wo_inu_zip(ona):
    with zipfile.ZipFile(ona) as z:
        inu = set(z.namelist())
    if "word/document.xml" in inu:
        return "docx"
    if "xl/workbook.xml" in inu:
        return "xlsx"
    if "AndroidManifest.xml" in inu:
        return "apk"
    if "mimetype" in inu:
        return "odf tabi epub"
    return "zip"
```

EPUB àti ẹbí LibreOffice hùwà ọmọlúàbí níbí: ìwé kékeré kan tó ń jẹ́ mimetype ló máa ń jẹ́ àkọ́kọ́ nínú àpótí wọn, wọn kì í fún un pọ̀, irú ohun tí wọ́n jẹ́ ló sì wà nínú rẹ̀. Ẹ kà á, kí ẹ fi wé orúkọ tí ẹ mọ̀. Ẹ má gba ohun tó bá wà níbẹ̀ lásán, nítorí fáìlì ló ń jẹ́rìí ara rẹ̀. DOC àti XLS àtijọ́ ń pín D0 CF 11 E0 A1 B1 1A E1 láàárín ara wọn. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún láíbìrì.

Ohun kan ṣì wà tó yẹ kó máa dẹ́rù ba ẹni tó ń gba fáìlì lọ́wọ́ àjèjì. Àtòkọ ohun tó wà nínú zip kò sí níbẹ̀rẹ̀, òpin fáìlì ló wà, ibẹ̀ ni zipfile sì ti ń kà á. Nítorí náà ènìyàn lè lẹ zip mọ́ ìdí JPEG. Ẹni tó bá wo orí á rí fọ́tò, ẹni tó bá wo ìdí á rí zip, irọ́ kò sì sí lẹ́nu ẹnì kankan nínú wọn. Ilà ojú kò lè gbà yín lọ́wọ́ irú èyí. Bí fọ́tò lẹ fẹ́, ẹ ṣí i pẹ̀lú Pillow, kí ẹ tún un fi pamọ́ bíi fọ́tò tuntun. Ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn á já sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ pe libmagic

Àṣẹ file ti wà nínú Unix láti 1973. Ian Darwin bẹ̀rẹ̀ sí í kọ èyí tí Linux ń lò ní 1986, òun náà ni wọ́n sọ di láíbìrì libmagic. Tábìlì ilà rẹ̀ gùn ju èyí tí èmi àti ẹ̀yin lè kọ láé. Lórí Debian tàbí Ubuntu:

```
sudo apt install libmagic1
pip install python-magic
```

```python
import magic
with open(ona, "rb") as f:
    iru = magic.from_buffer(f.read(2048), mime=True)
```

Ẹ má kà dín ní 2048; bí ẹ bá fún un ní báìtì díẹ̀, ó lè ṣìnà. Bí Python bá ní magic kò ní from_buffer, láíbìrì mìíràn tó ń jẹ́ magic bákan náà ló wà lórí kọ̀ǹpútà yín. Ẹ yọ ọ́, kí ẹ fi python-magic sí i. Bí àlàyé àtijọ́ kan bá sì ní kí ẹ lo imghdr, ẹ kọjá lọ: wọ́n ti yọ ọ́ kúrò nínú Python 3.13.

Go ní http.DetectContentType, báìtì 512 àkọ́kọ́ nìkan ló ń wò. PHP ní finfo_file. Ẹni tó ń lo Java tó ní ìwé oríṣiríṣi níwájú, Apache Tika ni kó lò.

Kí ló dé tí mo ṣì ní tábìlì tèmi, nígbà tí libmagic wà? Irú méjìlá péré ni mo fẹ́ gbà. Mo fẹ́ mọ ìdí tí ètò mi fi gbà wọ́n, libmagic sì lè yí ìdáhùn padà láti ẹ̀dà kan sí òmíràn. Mo ń bi àwọn méjèèjì. Bí wọ́n bá fohùn ṣọ̀kan, a tẹ̀síwájú. Bí wọ́n bá ta ko ara wọn, èmi fúnra mi ń wò ó.

Ìgbésẹ̀ 6: Ọ̀rọ̀ lásán kò ní ilà

Fáìlì ọ̀rọ̀ kò ní àmì lórí. Fún àwa tí a ń kọ Yorùbá ní Bẹ̀nẹ̀, ìṣòro tún wà lórí ìṣòro. Álífábẹ́ẹ̀tì orílẹ̀-èdè wa ń lo ɛ àti ɔ níbi tí ará Nàìjíríà ti ń lo ẹ àti ọ, Faransé sì ń fi é àti è kún un. Nínú UTF-8, ọ̀nà ìkọ lẹ́tà tó wọ́pọ̀ jù lónìí, ɛ jẹ́ báìtì méjì, C9 9B. ẹ jẹ́ mẹ́ta, E1 BA B9. Ẹ fi ohùn òkè lé e lórí kó di ẹ́, ó di márùn-ún. é Faransé jẹ́ C3 A9 nínú UTF-8, ṣùgbọ́n E9 kan ṣoṣo ni nínú Windows-1252 tí àwọn ìwé àtijọ́ ń lò.

Ohun tó tọ́ ni kí ẹ gbìyànjú láti kà á bíi UTF-8. Bí ó bá gbà, UTF-8 ni, torí ó ṣòro kí báìtì mìíràn ṣèèṣì bá òfin rẹ̀ mu. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé 2048 lẹ gé e sí. Nínú ìwé Yorùbá tó kún fún lẹ́tà oníbáìtì púpọ̀, ọ̀bẹ lè bọ́ sí àárín ẹ, Python á sì ní ìwé náà kì í ṣe UTF-8. Ó ṣẹlẹ̀ sí mi lórí orin tí a kọ sílẹ̀ tọkàntọkàn. Ẹ lo èyí tó ní sùúrù fún lẹ́tà tí kò tíì parí:

```python
import codecs

def oro_ni(ori):
    if ori[:2] in (b"\xff\xfe", b"\xfe\xff"):
        return "utf-16"
    if not ori or b"\x00" in ori:
        return None
    try:
        codecs.getincrementaldecoder("utf-8")().decode(ori)
        return "utf-8"
    except UnicodeDecodeError:
        return None
```

Tí báìtì bá ti jẹ́rìí pé ọ̀rọ̀ ni, orúkọ wá wúlò. Kò sí ilà tó lè ya .csv, tábìlì tí a fi ọ̀rọ̀ lásán kọ, sọ́tọ̀ kúrò lára .txt, nítorí náà ẹ gba ìrù orúkọ gbọ́ níbí. Ẹ sì rántí pé Excel tó ń sọ Faransé máa ń fi àmì ; ya òpó CSV sọ́tọ̀, torí àmì , ló fi ń kọ ẹ̀sún nọ́ńbà, bíi 3,5 dípò 3.5. SVG ńkọ́? Ọ̀rọ̀ ni lábẹ́ àwòrán, JavaScript, kóòdù tí bráwúsà máa ń ṣiṣẹ́ lé lórí, sì lè wà nínú rẹ̀. Èmi kì í gbà á lọ́wọ́ ẹni tí mi ò mọ̀.

Ìgbésẹ̀ 7: Ìdájọ́

Bí orúkọ àti báìtì bá bára mu, fáìlì wọlé. Bí wọn kò bá bára mu, báìtì ló borí. Mo ń kọ orúkọ àtijọ́ sínú àkọsílẹ̀, torí orúkọ tí ẹbí fún un lè jẹ́ ohun kan ṣoṣo tí a mọ̀ nípa rẹ̀, lẹ́yìn náà ni mo ń fún un ní ìrù tó tọ́ sí i. MZ, ELF (ètò Linux) àti APK (ètò Android) ń lọ sí àtìmọ́lé, ẹnikẹ́ni kì í tẹ̀ wọ́n. Èyí tí a kò mọ̀ ń lọ sí fódà kan tó ń jẹ́ Aimo. Ètò mi kò ní àṣẹ láti pa ohunkóhun rẹ́ mọ́.

Bí ẹ bá ń gbé fáìlì náà jáde fún àwọn èèyàn lórí wẹ́ẹ̀bù, ẹ fi X-Content-Type-Options: nosniff ránṣẹ́ pẹ̀lú Content-Type tí ẹ ti yẹ̀ wò, kí bráwúsà má baà tún fi orí ara rẹ̀ dá ẹjọ́ tí ẹ ti dá.

Ẹ sì kó àwọn òpùrọ́ jọ sí fódà kan fún ìdánwò: HEIC tó ń jẹ́ .jpg, docx tó ń jẹ́ .pdf, fáìlì tó ṣófo, JPEG tó gbé zip sẹ́yìn, ìwé Yorùbá tí ọ̀bẹ bọ́ sí àárín ẹ rẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá fọwọ́ kan tábìlì, àwọn ni mo kọ́kọ́ ń rán kọjá.

Lóṣù tó kọjá mo ṣí Aimo, mo bá fáìlì mẹ́fà níbẹ̀ láti Ṣábẹ tí kò ní ìrù kankan lórúkọ. xxd fi #!AMR hàn mí, ohùn tí àwọn fóònù onítẹ̀ àtijọ́ máa ń gbà sílẹ̀. Mo fi (b"#!AMR", "audio/amr") kún ILA, mo tún ètò náà rán sórí Aimo. Mẹ́rin nínú wọn jẹ́ ohùn obìnrin kan tó ń ki Ìyá Ńlá, ẹnìkan sì ń gún nǹkan nínú odó lẹ́yìn rẹ̀.